Ẹ máa dárúkọ àwọn tó ń tún orin Madonna tò

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣètò ojú ìwé orin àti fàájì. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ mi bí a bá ń sọ̀rọ̀ orin, pé rímíìsì, ìyẹn orin tí ẹlòmíràn tún tò, kì í ṣe iṣẹ́ gidi, pé orin àtijọ́ ni wọ́n kàn da ìlù kọ̀ǹpútà bò. Ó ti lé ní 35 ọdún tí mo ti ń gbọ́ orin Madonna, olórin Amẹ́ríkà tó gbé orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1982, àwọn rímíìsì rẹ̀ sì ni mo máa ń gbọ́ jù. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan láti bẹ̀ yín.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1988, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra You Can Dance wálé láti Dùgbẹ̀, ní Ìbàdàn. Madonna gbé àkójọ náà jáde ní ìparí ọdún 1987: orin 7 ni, 6 nínú wọn jẹ́ èyí tí àwọn èèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, Spotlight nìkan ni a kò tíì gbọ́ rí. Wọ́n so àwọn orin náà pọ̀ débi pé kí ọ̀kan tó parí, ìlù èkejì á ti wọlé, ẹni tó ń jó kò sì ní rí ibi tí yóò ti jókòó. Mo ti gbọ́ Holiday lórí rédíò títí mo fi mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí, ṣùgbọ́n nínú kásẹ́ẹ̀tì yìí, ohùn olórin náà á dákẹ́, á wá ku ìlù, gìtá àti báàsì tí wọ́n ń dá ara wọn lóhùn, ó sì dà bí ìgbà tí wọ́n ṣí ẹ̀yìn aago kí n lè rí ohun tó ń yí nínú rẹ̀.

Bàbá mi, tí kò fẹ́ràn orin òyìnbó rárá, ni ó fi ẹnu kan ohun tó wà níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ láti pálọ̀, ó ní, “Àwọn náà ti ń jẹ́ kí onílù sọ tiẹ̀.” Àwo Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé ni òun máa ń gbọ́, èyí tí ojú kan àwo lè jẹ́ ọ̀pọ̀ orin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra láìdánudúró, tí olórin á dákẹ́ kí gángan àti gìtá lè máa bá ẹni tó wà lójú agbo sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń jó, tí wọ́n ń lẹ owó mọ́ níwájú orí, kò lè ṣe tán ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣòro kan náà ni àwọn DJ ìlú New York bá pàdé ní àárín àwọn ọdún 1970. Àwo kékeré tó wà lọ́wọ́ wọn kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ó máa ń parí nígbà tí ẹsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Àwo fífẹ̀ oní-ínǹṣì 12 ni wọ́n fi yanjú rẹ̀: ààyè pọ̀ lórí rẹ̀, ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ sì fẹ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí báàsì àti ìlù fi ń rinlẹ̀ nínú rẹ̀ ju ti àwo kékeré lọ.

Inú irú ilé ijó bẹ́ẹ̀ ni Madonna ti jáde wá. Mark Kamins, DJ ilé ijó Danceteria ní New York, ló kọ́kọ́ fi téèpù rẹ̀ sí i fún àwọn oníjó, òun náà ló sì ṣe kòkáárí orin Everybody. John “Jellybean” Benitez, DJ mìíràn, ló ṣe Holiday, orin tó bá a dé ipò kìíní lórí àtẹ orin ijó ti ìwé ìròyìn Billboard lọ́dún 1983. Ẹni tó bá ń sọ pé rímíìsì ba orin Madonna jẹ́ ń sọ pé ilé tí wọ́n bí ọmọ sí ló ba ọmọ jẹ́.

Orin tí mo máa ń fi ṣe ẹ̀rí jù ni Express Yourself. Nínú àwo Like a Prayer ti ọdún 1989, fèrè ló gbé e, bí orin fọ́ńkì àtijọ́, orin ijó àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Shep Pettibone, DJ tó ń tún orin tò, mú ohùn Madonna níbẹ̀, ó yọ ìlù tó wà lábẹ́ rẹ̀ kúrò, ó fi ìlù háùsì, irú orin ilé ijó tí ẹ̀rọ ń lù, àti báàsì tó wúwo rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ Pettibone yìí ni wọ́n lò fún fídíò orin náà, òun náà ni wọ́n gbé lé nínú àkójọ The Immaculate Collection lọ́dún 1990. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé àwọn kò fẹ́ rímíìsì, tí wọ́n sì fẹ́ràn Express Yourself, rímíìsì ni wọ́n fẹ́ràn láìmọ̀. Èmi pàápàá pẹ́ kí n tó mọ̀, nítorí n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọkùnrin náà lórí rédíò.

Madonna ní tirẹ̀ mọ iyì àwọn èèyàn yìí. Òun àti Pettibone ni wọ́n jọ kọ Vogue lọ́dún 1990, orin tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi sí ẹ̀yìn àwo orin mìíràn, wọ́n sì jọ ṣe púpọ̀ nínú àwo Erotica lọ́dún 1992. William Orbit, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti tún Justify My Love tò fún un kí Madonna tó pè é wá ṣe Ray of Light ti ọdún 1998. Stuart Price náà ti tún Hollywood tò lọ́dún 2003 kí wọ́n tó jọ ṣe Confessions on a Dance Floor lọ́dún 2005. Àwo mẹ́ta wọ̀nyí ni mo kà sí èyí tó dára jù lára gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ti bá a ṣe rímíìsì ló wà nídìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá nílé. Frozen, láti inú Ray of Light, jẹ́ orin tó falẹ̀, tó tutù, tí gòjé òyìnbó ń dún lábẹ́ rẹ̀. Victor Calderone tún un tò, ó yí i sí orin tí ẹsẹ̀ kò lè dúró fún. Ìbànújẹ́ inú ohùn náà kò kúrò, ó kàn wá ń jó ni. Lọ́dún 2021, rímíìsì mìíràn láti ọwọ́ Sickick, ará Kánádà, gba orí TikTok kan, nígbà tó sì di ọdún 2022, Fireboy DML, ọmọ Abẹ́òkúta tó kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, kọrin sí i. Ọmọ ọdún méjì ni Fireboy nígbà tí Frozen kọ́kọ́ jáde. Ọmọ mi obìnrin, tó mọ orin náà nípasẹ̀ rẹ̀, ló bi mí pé ta ni obìnrin tó ń bá Fireboy kọrin. A jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo jẹ́ kí ó gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti àkọ́kọ́, ti Calderone àti ti Sickick, inú mi sì dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ nígbà tó dá ohùn kan náà mọ̀ nínú gbogbo wọn.

N kò ní sọ pé gbogbo rímíìsì ló dùn. Àwọn kan wà tí wọ́n gé ohùn sí wẹ́wẹ́ débi pé kò ku ohun tó jọ orin mọ́. Ó sì dùn mí pé nígbà tí Madonna kó orin 50 tó ti gba ipò kìíní lórí àtẹ orin ijó Billboard jọ sínú Finally Enough Love lọ́dún 2022, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n gé kúrú. Kò sí olórin tó ti ní ipò kìíní 50 lórí àtẹ Billboard kan ṣoṣo ṣáájú rẹ̀, láti Holiday ní 1983 títí dé I Don't Search I Find ní 2020, bẹ́ẹ̀ ibi tí ohùn ti dákẹ́, tí ìlù ń sọ̀rọ̀, ni wọ́n yọ kúrò. Veronica Electronica, àkójọ rímíìsì Ray of Light tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti 1998, tó sì gbé jáde lọ́dún 2025, tù mí nínú díẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí, Olóòtú. Bí ẹ bá ń kọ̀wé nípa rímíìsì, yálà ti Madonna ni tàbí ti àwọn ọmọ wa nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ orúkọ ẹni tó tún orin náà tò sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ olórin, kí ẹ sì sọ ohun tó ṣe sí i: ṣé ìlù ló pààrọ̀ ni, ṣé ó mú un yára ni, àbí ó yọ ohùn kúrò. Bí àyè bá wà, mo lè fi àkọsílẹ̀ àwọn rímíìsì tí mo ní, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ṣe wọ́n, ránṣẹ́ sí yín fún ojú ìwé náà. You Can Dance ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Mókọ́lá, Ìbàdàn.