Ta ló ní kí wọ́n máa ti ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ pa lọ́jọ́ Ẹtì?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo mọ̀ pé lẹ́tà pọ̀ níwájú yín, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ lọ bú ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, mo jáde lọ ra búrẹ́dì àti ṣúgà ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìkángun àdúgbò wa ní Abẹ́òkúta níbí. Àgádágodo ńlá kan ni mo bá lẹ́nu ilẹ̀kùn, tuntun, ó ṣì ń dán. Wọ́n lẹ bébà pupa kan mọ́ ilẹ̀kùn náà. Obìnrin opó tó ni ṣọ́ọ̀bù jókòó sórí kíréètì mínírà tó dojú dé, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní, "Wọ́n ti tì mí pa, Bàbá Télọ̀." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mi ò sí nílé lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, mo lọ síbi ìnáwó kan ní Ṣàgámù. Àwọn aládùúgbò ló rò ó fún mi. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni àwọn agbowó ìjọba ìbílẹ̀, àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù, dé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti lọ kírun Jímọ̀. Àwọn mẹ́rin, nínú ọkọ̀ tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára. Wọ́n ní gbèsè ọdún méjì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní òun ti san ti ọdún tó kọjá, ó sáré wọlé lọ mú risíìtì wá. Èyí tó ṣe bí ọ̀gá nínú wọn wò ó, ó ní èyí kì í ṣe tàwọn. Ta ló wá ni ín? Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Kó tó palẹ̀ búrẹ́dì tó wà lórí tábìlì ìta mọ́, wọ́n ti fa ilẹ̀kùn dé.

Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ Ẹtì! Ọ́fíìsì tí yóò ti lọ san owó náà ti ń múra àtipa dé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọn kì í ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Àìkú, wọn kì í ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó lóòótọ́ yóò wá ní ọjọ́ tí wọ́n lè san án. Ẹni tó fẹ́ kí èèyàn sunkún, kó sì wá fi ọ̀nà ẹ̀yìn bẹ òun, òun ló ń wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù rò pé ṣọ́ọ̀bù gidi kan ni mo ń wí. Bí mo bá na ọwọ́ mi méjèèjì níbẹ̀, màá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Mílíìkì àti kọfí inú ọ̀rá pẹlẹbẹ so rọ̀ lókè, bí o bá ga, yóò gbá ọ níwájú orí. Nísàlẹ̀ ni àpò ìrẹsì òfàdà, ẹ̀wà olóyin, láfún, àti gaàrí Ìjẹ̀bú. Òróró wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Bí o bá mú ìgò tìrẹ lọ, yóò bù ú fún ọ títí dé ibi tí owó rẹ ká. Ọ̀bẹ kan wà fún búrẹ́dì nìkan, nítorí ìdajì búrẹ́dì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà báyìí. Ó ń ta abẹ́là, ìṣáná, òwú, abẹ́rẹ́. Télọ̀ ni mí. Bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ bá kán mọ́ mi lọ́wọ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí ẹni tó fẹ́ gba àdìrẹ tó rà ní Ìtòkú sì ti jókòó tì mí, ibẹ̀ ni mo máa ń rán ọmọ lọ.

Ìwé kan sì wà nídìí àwo ìwọ̀n rẹ̀, ó fi okùn so báírò mọ́ ọn. Ìwé gbèsè ni. Orúkọ mi wà níbẹ̀, mi ò ní fi bò fún yín: "Bàbá Télọ̀, búrẹ́dì 3, ẹyin 6, Ọjọ́rú." Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ni mo ní, wọ́n á jẹun kí wọ́n tó lè tẹ ẹ̀rọ. Àwọn oníbàárà mi kì í sanwó títí aṣọ á fi jáde, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ san án títí wọn á fi wọ aṣọ náà lọ sóde ìyàwó, kí wọ́n bọ́ ọ, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ta ló ń bọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí títí dìgbà yẹn? Obìnrin tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ni.

Mi ò sọ pé áńgẹ́lì ni o. Ọjà rẹ̀ fi díẹ̀ wọ́n ju ti ọjà Kútọ̀ lọ, yóò sì sọ pé owó ọkọ̀ ló fà á. Bí kò bá sí ṣéńjì, súìtì méjì ni yóò kó lé ọ lọ́wọ́, ìwọ tí o ní ọmọ-ọmọ. Lọ́dún tó kọjá ó ta mílíìkì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá fún mi. Mo dá a padà, a fẹnu họ ara wa, ó pààrọ̀ rẹ̀, ó parí síbẹ̀. Bí àwọn aláṣẹ bá ń wá iṣẹ́ ṣe, iṣẹ́ nìyẹn. Kí wọ́n wá ka ọjọ́ tó wà lára páálí. Kí wọ́n wá yẹ ìdí kóńgò wò bóyá wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ wọ inú. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé àdúgbò yìí, mi ò tíì rí òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó wá wo kóńgò. Owó nìkan ni wọ́n mọ ọ̀nà rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, kẹ̀kẹ́ ni mo wọ̀ lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá tó ní ilẹ̀kùn dígí. Owó àlọ, owó àbọ̀, mo ti ná owó búrẹ́dì mìíràn. Mo bi ọmọbìnrin tó ń gbowó bóyá ó lè gé búrẹ́dì sí méjì, ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. Tiransífà mi kò tètè wọlé, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbẹ̀ bí olè fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo délé, ebi ti pa àwọn ọmọ iṣẹ́ mi débi pé wọ́n ti lọ ra àkàrà jẹ láwìn, lórúkọ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn fún un, lẹ́yìn tó ti san ₦38,000, owó àjọ tó fẹ́ fi san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí i. Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé fíríìsà wà nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tì í mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú ẹja; iná Nẹ́pà kò sì dúró dáadáa ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Omi ẹja ti ṣàn jáde nísàlẹ̀ fíríìsà, ó ti gba abẹ́ tábìlì kọjá, ó ti dé ìdí àpò ìrẹsì. Ó ki ọwọ́ bọ ìdí àpò náà, ó bu ìrẹsì díẹ̀ jáde, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dà á padà, ó tún bu òmíràn. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Búrẹ́dì ogún ti hu irun funfun. Ṣé wọ́n á yọ ìyẹn kúrò nínú ₦38,000 náà?

Agolo mílíìkì kan ló kó risíìtì sí. Ó da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì fún mi: owó ṣọ́ọ̀bù, owó ìdọ̀tí, owó rédíò òun tẹlifíṣọ̀n, owó pátákó. Tẹlifíṣọ̀n kò sí níbẹ̀. Ní ti pátákó, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ọmọ rẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ilẹ̀kùn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: OMI TUTU WA. Owó ìdọ̀tí ńkọ́? Gọ́tà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà kún dẹ́nu.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má gba owó. Òfin ọdún 1998 tó to owó-orí àti owó àkànṣe lẹ́sẹẹsẹ fi owó ṣọ́ọ̀bù àti kíósì sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó fi ti pátákó náà síbẹ̀. Kò burú, kí wọ́n gbà á. Ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́dún? Lọ́wọ́ àwọn mélòó? Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ láti Àbújá máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ẹni tí ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n fún ní irú owó bẹ́ẹ̀, ẹja inú fíríìsà opó ló tún fẹ́ fi kún un?

Ìlú Ẹ̀gbá la wà yìí o, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti gbàgbé. Ọ̀rọ̀ owó-orí wà lára ohun tó dá Ogun Adùbí, tí àwọn Ẹ̀gbá bá ìjọba Òyìnbó jà, sílẹ̀ ní 1918. Ní 1947 ni àwọn obìnrin, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í tú lọ sí ààfin Aké pé àwọn ò san owó-orí tí wọ́n bù fún obìnrin lọ́tọ̀ mọ́. Nígbà tó fi di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì ti sọ̀kalẹ̀ lórí oyè. Ó tó 1950 kó tó padà. Ìyá ìyá mi máa ń sọ pé ìdí àtẹ ẹ̀pà ni òun ti gbéra lọ́jọ́ kan, òun ò tilẹ̀ rántí bo ẹ̀pà náà. Mi ò pe ẹnikẹ́ni síta o. Orúnkún mi kò lè gbé mi dé Aké mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe rèé. Kí wọ́n lọ kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ alájọ. Gbogbo wa la mọ káàdì àjọ: ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, alájọ á wá, á gba owó, á fi báírò sàmì sí i, ó tán. Èèyàn tó ń dá àjọ mọ ibi tó dé, alájọ náà mọ̀ ọ́n. Kí ìjọba ṣe irú káàdì bẹ́ẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, ojú méjìlá, oṣù kan ojú kan. Kí wọ́n ro gbogbo owó wọ̀nyẹn pọ̀ sójú kan, ti ṣọ́ọ̀bù, ti ìdọ̀tí, ti pátákó tí kò sí, kí wọ́n pín in sí méjìlá. Kí iye rẹ̀ wà lórí káàdì náà gàdàgbà, lédè Yorùbá. Kí nọ́ńbà àkáǹtì kan ṣoṣo wà níbẹ̀, kí oníṣọ́ọ̀bù lọ san án lọ́dọ̀ oní-POS, kó má ṣe sí owó lọ́wọ́ agbowó rárá. Kí wọ́n ní kó gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kó fi ọ̀rá wé e kí òjò má pa á. Agbowó tó bá dé, kó kàn wo káàdì. Bí ojú mẹ́ta bá ṣófo, kó kọ lẹ́tà, kó fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́. Alájọ wa kì í ti ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni pa, síbẹ̀ owó rẹ̀ ń pé. Mo ti rò ó títí, mi ò rí ibi tó kù sí. Mo tilẹ̀ ti fi páálí búrẹ́dì ya ọ̀kan. Bí ìjọba bá fẹ́ rí i, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí wọ́n kó gọ́tà. Kí Ìyálọ́jà dá sí i. Kí agbowó máa wọ orúkọ rẹ̀ sáyà.

Bó bá sì di dandan kí wọ́n tì, kí wọ́n ti ilé-ọtí pa. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ilẹ̀kùn oúnjẹ, ẹ má tì í, àgàgà lọ́jọ́ Ẹtì.

Ohun kan ló kù. Bébà pupa náà ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya á. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ìbuwọ́lù tó wà nísàlẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ, mi ò sì rí orúkọ ọ́fíìsì kan tó ṣeé kà. Obìnrin yìí ń ka Bíbélì Yorùbá geere. Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ ní 1859, wọn ò sì rí ẹni tó lè fi Yorùbá kọ ìdí tí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù ìyá kan pa. Nítorí náà mo bẹ̀ yín, Olóòtú, bí ẹ bá máa tẹ lẹ́tà mi, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi díẹ̀. Mo fẹ́ gé e, kí n lẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Télọ̀,
Abẹ́òkúta.