Ya Ìdènà náà Mọ́ Àwòrán Inú Ọkàn Rẹ

Mọ́kọlá, Ìbàdàn.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí Táíwò, mo kí Kẹ́hìndé. Ẹ kú òtútù, ẹ kú làálàá ìlú òyìnbó ní England lọ́hùn-ún. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. O ní ẹ̀ẹ̀mejì ni o ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwakọ̀. O ní Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún 6, ti ń sọ pé òun kò mọ ìṣirò. O tún ní wọ́n sọ fún ọ pé kí o máa dijú lálaalẹ́, kí o máa rí ara rẹ pẹ̀lú láísẹ́ǹsì lọ́wọ́, pé ohun tí ọkàn bá ti rí, ọwọ́ á tẹ̀ ẹ́. O wá ń bi mí bóyá òótọ́ ni.

Ìdajì rẹ̀ lòótọ́, ọ̀rẹ́ mi. Ìdajì tó kù ló ń ba nǹkan jẹ́.

Ojú inú kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ní ọdún 1995, Alvaro Pascual-Leone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí dùùrù. Wọ́n kọ́ àwọn tí kò mọ dùùrù tẹ̀ ní ohun kan tí ìka 5 á máa tẹ̀ léraléra. Àwọn kan ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí 2 lójúmọ́, fún ọjọ́ 5. Àwọn mìíràn jókòó síwájú dùùrù fún iye wákàtí kan náà, ṣùgbọ́n ọkàn ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ìka wọn kò mira. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, àwọn tó ń fọkàn tẹ̀ ẹ́ ti mọ̀ ọ́n dé ibi tí àwọn tó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ dé lọ́jọ́ kẹta, ibi tó ń darí ìka nínú ọpọlọ wọn sì ti yí padà bíi ti àwọn yẹn. Àmọ́ kíyè sí ohun tí wọ́n ń fọkàn ṣe: iṣẹ́ náà gan-an ni, ìka kan tẹ̀ lé ìkejì. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n máa rí ibi tí èrò ti ń pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Èyí tó bá ọ̀rọ̀ tìrẹ mu jù ni ti ọdún 1999, ti Lien Pham àti Shelley Taylor ní Los Angeles, lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń múra ìdánwò. Ìṣẹ́jú 5 péré lójúmọ́ ni wọ́n fi ń lo ojú inú. Àwọn kan ń rí i pé máàkì gidi ti jáde, inú wọn ń dùn. Àwọn kan ń rí ara wọn nídìí ìwé: tábìlì, ìwé tó ṣí sílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n pa, ọ̀rẹ́ tó wá pè wọ́n jáde tí wọ́n sì ní àwọn ò lọ. Àwọn tó ń rí ìwé ló tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, àwọn náà ló sì ṣe dáadáa jù. Àwọn tó ń rí máàkì kàwé dín sí bó ti yẹ, máàkì wọn náà sì lọ sílẹ̀. Ìwọ náà mọ ohun tí àwọn àgbà ń wí, ẹnu dùn ún ròfọ́. Ọkàn náà dùn ún ròfọ́, á rò ó, á jẹ ẹ́, á yó, ara á wá dẹ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí.

Gabriele Oettingen, ọmọ Jámánì, ti kíyè sí irú rẹ̀ ṣáájú, òun àti Thomas Wadden, ní ọdún 1991, lára àwọn obìnrin tó sanra tó fẹ́ rù. Àwọn tó gbà pé àwọn lè ṣe é ni wọ́n rù jù. Àwọn tí àlá ọ̀sán wọn dùn jù ni kò rù tó bẹ́ẹ̀. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí èyí fò ọ́ ru: ìgbàgbọ́ pé nǹkan yóò ṣeé ṣe yàtọ̀ sí àlá pé ó ti ṣe tán. Di ìgbàgbọ́ rẹ mú. Àlá yẹn ni kí o fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn díẹ̀.

Nítorí náà, fi láísẹ́ǹsì sílẹ̀ ná. Wá àga tó le díẹ̀, má ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì, oorun á gbé ọ lọ. Fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, gbé ọwọ́ bí ẹni di stíárìn mú, kí o dijú. Ìṣẹ́jú 10 ti tó. Ibi kan ṣoṣo tó ń dà ọ́ láàmú ni kí o mú, o sì ní ràńdábaòtù ni. Ó ti yọ níwájú báyìí. Ojú rẹ lọ sí dígí òkè, ó lọ sí dígí ẹ̀gbẹ́. O tan tráfíkétọ̀, o gbọ́ bó ṣe ń dún kọ́kọ́kọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rọra tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, jíà bọ́ sí kejì. O wo ọ̀tún, torí pé ọ̀tún ni àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀nà ti ń bọ̀ níbẹ̀ yẹn, kò rí bíi tilé. Mọ́tò funfun kan kọjá. Àyè ṣí. O wọlé.

Inú mọ́tò náà ni kí o wà o. Má dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí o máa wo ara rẹ bí ẹni wo sinimá. Kó má sì yá ju ti ojúkorojú lọ: bó bá ń gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 20 lórí títì, kó gbà ọ́ ní 20 lọ́kàn. Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ ṣe, tó sì jẹ́ òun gan-an ni oògùn, ni pé kí nǹkan bàjẹ́ nínú àwòrán náà. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú lẹ́nu ràńdábaòtù. Jẹ́ kí ẹni ẹ̀yìn fọn fèrè, kí àyà rẹ já. Kí o wá ṣe ohun tó kàn: fa háńbíréèkì, gbé jíà sí nútírà, tún un tàn, wo dígí, wo ọ̀tún, máa lọ. Ìlànà ìdánwò ìwakọ̀ wọn níbẹ̀ fàyè gba àṣìṣe kéékèèké tí kò ju 15 lọ, ẹyọ kan tó burú gan-an ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó kú lásán kì í sábà jẹ́ ẹyọ kan yẹn. Ìpayà tó ń tẹ̀ lé e, tó ń mú èèyàn já wọ ojú ọ̀nà láìwo ọ̀tún, ni ká máa bẹ̀rù. Ẹni tó ti rí i lọ́kàn nígbà 20 pé ẹ́ńjìnnì kú, tó sì ti tún un tàn nígbà 20, kò ní ṣàjèjì sí i lójú olùdánwò. Síbẹ̀, má fi èyí dípò wíwa mọ́tò o, títì ṣì ni olùkọ́.

Bí o bá dijú tí o kò rí àwòrán kankan, má rò pé nǹkan ṣe ọ́. Àwọn kan wà bẹ́ẹ̀ láti ìbí wọn. Adam Zeman ní Yunifásítì Exeter ló fún un lórúkọ, aphantasia, ní ọdún 2015. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á máa sọ ìgbésẹ̀ náà jáde lẹ́nu, á máa gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Oettingen tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan tún ní ìlànà kan tó dára fún ọ̀rọ̀ inú ilé. Mú ariwo ìrọ̀lẹ́ tí o kọ̀wé nípa rẹ̀. Sọ ohun tí o fẹ́, kó jẹ́ èyí tó lè ṣeé ṣe lọ́sẹ̀ yìí: kí iṣẹ́ àmúrelé àwọn ìbejì parí láìsí ẹkún. Fojú inú wo adùn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2: ìwé ti padé, Táíwò ń rẹ́rìn-ín, oúnjẹ ń gbóná lórí tábìlì. Lẹ́yìn èyí, bi ara rẹ pé kí ló wà nínú rẹ tó ń dí i lọ́wọ́. Inú rẹ, mo ní! Má mẹ́nu kan ọ̀gá ibi iṣẹ́, má sì mẹ́nu kan ọmọ. Ó lè jẹ́ ebi tó ń pa ọ́ nígbà tí o bá wọlé, tó ń mú ọ pariwo. Wo ìyẹn náà dáadáa. Wá fi “bí” so ó mọ́ ohun tí wàá ṣe: “Bí mo bá wọlé tí ebi ń pa mí, màá jẹ nǹkan díẹ̀, màá fi ìṣẹ́jú 5 jókòó, kí n tó ní kí wọ́n gbé ìwé wá.” Kọ ọ́, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Adùn ni kó ṣáájú, ìdènà ni kó tẹ̀ lé e. Tí o bá yí i padà, kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Bí o bá sì rí i pé ìdènà náà ju agbára rẹ lọ, fi ìfẹ́ yẹn sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kí o mú òmíràn. Èyí náà wà lára iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ó kan Kẹ́hìndé. Èdè wa ti fún wa ní ohun èlò kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Nígbà tó bá ní “n kò mọ̀ ọ́n,” má bá a jiyàn, má sì sọ pé “o mọ̀ ọ́n, o gbọ́n,” torí òun fúnra rẹ̀ rí i pé òun kò mọ̀ ọ́n. Fi “tíì” kún un: “O ò tíì mọ̀ ọ́n.” Kí o sì béèrè ibi tí ó ti há, kí ó fìka tọ́ka sí i. Claudia Mueller àti Carol Dweck fi hàn ní ọdún 1998 pé àwọn ọmọ tí wọ́n yìn pé ọpọlọ wọn pé tètè rẹ̀wẹ̀sì nígbà tí iṣẹ́ le, ju àwọn tí wọ́n yìn fún ìsapá wọn lọ. Nítorí náà, yin ohun tó ṣe lójú rẹ: “O fi òkúta kà á, o sì tún un kà lẹ́ẹ̀kejì.” Ọ̀rọ̀ bí “olódo”, ẹ má jẹ́ kó wọlé yín rárá, kódà nínú àwàdà.

Ohun èlò kejì ni oríkì rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2017, wọ́n fún àwọn ọmọ ọdún 4 àti ọdún 6 ní iṣẹ́ tí kò dùn fún ìṣẹ́jú 10, wọ́n sì fi eré sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Àwọn tó ń ṣe bí akọni inú eré, irú bíi Batman, ló pẹ́ jù nídìí iṣẹ́. Àwọn tó ń fi orúkọ ara wọn bi ara wọn pé “ṣé lágbájá ń ṣiṣẹ́ kára?” tẹ̀ lé wọn. Àwọn tó ń sọ pé “ṣé èmi ń ṣiṣẹ́ kára?” ló gbẹ̀yìn. Ṣebí Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀? Kí ó máa bi ara rẹ̀ pé “ṣé Àbẹ̀kẹ́ ń ṣe é?” Ìwọ náà, máa fi oríkì kì í lójúmọ́, ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, kí o tó ní kí wọ́n gbé ìwé. Mo gbà pé oríkì ju ìyìn lásán lọ: ó ń fi ẹni tí ọmọ lè dà hàn án, láìparọ́ fún un nípa ibi tó dé lónìí.

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tí kò sí ilé ìwé lọ́la, pa àlọ́ fún wọn. “Àlọ́ o!” “Àlọ̀!” Nígbà tí Ìjàpá bá há, dúró. Bi wọ́n pé, “Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe?” Kí o wá dákẹ́, kí o ka ení dé ẹ̀wá sínú. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń ni òbí lára, a máa ń já a gbà lẹ́nu wọn. Bí Táíwò bá ní kí Ìjàpá fò lọ, bi í pé ibo ló ti rí ìyẹ́. Má sáré bá wọn fa ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ yọ. Lọ́sàn-án, páálí òfìfo àti aṣọ ìró àtijọ́ kan tó, pẹ̀lú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsí fóònù. Bí wọ́n bá ní ó sú wọn, fi wọ́n sílẹ̀. Eré sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti sú wọn.

Ní ti Táíwò, tí o ní ó ń lálàá ajá tó ń bà á lẹ́rù, jẹ́ kó ya àlá náà lójú mọmọ, kó fúnra rẹ̀ yí ìparí rẹ̀ padà, kí ẹ sì jọ sọ ọ̀tun yẹn tán kó tó sùn. Ìwọ má bá a yan ìparí náà.

Ohun kan kù tí kò jẹ́ kí n sinmi. O kọ ọ́ pé oorun ti dá lójú rẹ láti oṣù kan, pé oúnjẹ kò wù ọ́. Ìyẹn kúrò ní ọ̀rọ̀ ojú inú, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé èrò rere ni o kò ní. Lọ bá dókítà rẹ lọ́sẹ̀ yìí. Ní England, o tiẹ̀ lè forúkọ ara rẹ sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ lọ́dọ̀ NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba wọn, láìjẹ́ pé dókítà kọ̀wé. Tí o bá ti lọ, kọ ìlà kan péré sí mi.

Fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Kọ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti kú mọ́ ọ lọ́wọ́ nínú àwòrán náà pẹ̀lú, kí a jọ wò ó.

Ọ̀rẹ́ rẹ ní tòótọ́,
Àdùkẹ́