Àbẹ̀kẹ́, èsì ìbéèrè rẹ rèé

Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́.
Ọjọ́ Àìkú, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù Kánádà ti ń rọlẹ̀ díẹ̀? Níbí, òjò ti dé, àgbàdo sì ti gba ẹ̀bá ọ̀nà láti Arákalẹ̀ dé Ọjà Ọba. Ìgbàkígbà tí mo bá ń ra tèmi ni mo máa ń rántí rẹ, ìwọ àti àgbọn rẹ.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́sí kò kúrò lọ́kàn mi. O ní, "Lẹ́yìn ọdún méjìlá tí o ti ń ṣe lọ́yà, o tún padà lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa olè? Ta ló máa kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn tí wọ́n jà lólè?" Mi ò fèsì gidi, torí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn olè fọ́ ṣọ́ọ̀bù àńkárá Màmá rẹ. Mo rí bí Màmá ṣe jókòó sórí pèpéle tí ẹkún kò sì jáde. Ìbínú rẹ tọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fara balẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

LL.M. ni oyè náà, másítà nínú òfin, ẹ̀ka criminology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn àti ohun tó ń fà á, àti ètò ìdájọ́ ọ̀daràn. Nígbà tí èmi àti ìwọ jọ wà ní yunifásítì, ohun tí òfin wí ni wọ́n kọ́ wa: kí ni à ń pè ní olè jíjà, kí ni olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn kí adájọ́ tó lè dá ẹni lẹ́bi. Ìbéèrè ti ibí yàtọ̀. Ebi ń pa èèyàn méjì ládùúgbò kan náà, kí ló dé tí ọ̀kan jalè tí èkejì ò jalè? Kí ló dé tó jẹ́ irú àwọn èèyàn kan náà là ń rí níwájú adájọ́ lójoojúmọ́? Ní 1939 ni Edwin Sutherland dìde láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó ní ìwà ọ̀daràn tí àwọn ẹni iyì ń hù nínú ọ́fíìsì náà yẹ lóhun tí à ń kọ sílẹ̀, tí à ń wádìí. Mo ka ibẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye àwọn tí mo ti dúró fún ní kóòtù láti ọdún méjìlá yìí wá: ọlọ́kadà, ọmọ iṣẹ́ fọkanáísà, àwọn tó ń ṣa irin àlòkù. Mi ò rí ọ̀kan tó de táì.

Ọmọ kan wà láàárín wọn, òun gan-an ló tì mí wọ ilé-ìwé yìí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Wọ́n ní ó jí jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Kóòtù fún un ní béèlì, ṣùgbọ́n onídùúró méjì ni wọ́n béèrè, àwọn tó nílé lórí ilẹ̀ ní àdúgbò kóòtù. Fùfú ni ìyá rẹ̀ ń tà. Níbo ló ti máa rí onílé méjì tó máa kó ìwé ilé wọn sílẹ̀ nítorí ọmọ onífùfú? Oṣù mẹ́rìnlá lọmọ náà lò nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó fẹjọ́ sùn ò yọjú mọ́, ẹlẹ́rìí ò wá, wọ́n bá da ẹjọ́ náà nù. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé ó jẹ̀bi, ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé kò jẹ̀bi. Nígbà tí mo lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ṣé mo ti ṣe ẹ̀wọ̀n mi tán ni?"

Kí lò bá sọ fún un, Àbẹ̀kẹ́?

Abala 36 ìwé òfin ilẹ̀ wa ní aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ilé-ẹjọ́ yóò fi sọ pé ó jẹ̀bi. Síbẹ̀, àwọn tí wọn ò tíì dá lẹ́jọ́ ju ìdajì àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà lọ. ATM ni wọ́n ń pè wọ́n nínú ọgbà, awaiting trial men, àwọn tó ń dúró de ìdájọ́. Tí wọ́n bá sì jáde, "ẹlẹ́wọ̀n" ni ládùúgbò. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ yẹn níṣẹ́ ò gbà á padà. Howard Becker, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1963 pé orúkọ tí àwùjọ bá lẹ̀ mọ́ èèyàn lè sọ ọ́ dà bí wọ́n ṣe pè é. Àwọn àgbà wa ti mọ èyí tipẹ́, orúkọ ń ro ni.

Mo mọ̀ pé wàá ní, Màmá mi ńkọ́? Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní victimology, ẹ̀kọ́ nípa ẹni tí wọ́n ṣe níbi. Òun ni mo fẹ́ràn jù. Ibẹ̀ ni mo ti rí i kedere pé tí ẹjọ́ olè bá dé kóòtù, ìjọba ló ń pe ẹjọ́, Màmá ti di ẹlẹ́rìí lásán. Tí adájọ́ bá sọ olè sẹ́wọ̀n, ṣé àńkárá wọn padà wálé? Òfin ACJA ti 2015, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí bí a ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, tí àwọn ìpínlẹ̀ náà ti ṣe irú rẹ̀, fàyè gbà á ní abala 319 pé kí adájọ́ ní kí ẹni tó jẹ̀bi san owó gbà-má-bìínú fún ẹni tó ṣe níbi. Mi ò tíì gbọ́ kí olùpẹ̀jọ́ kan béèrè rẹ̀ níwájú mi rí. Ó sì dùn mí, torí òfin ọ̀hún ti wà nílẹ̀.

O tún ní kí wọ́n máa yìnbọn fún gbogbo wọn. Ní 1971, wọ́n ń yìnbọn fún adigunjalè ní Bar Beach l'Ékòó, èrò rẹpẹtẹ ń wòran. Ìdigunjalè ò tán. Cesare Beccaria, ará Ítálì, ti kọ ọ́ ní 1764 pé ìyà kékeré tó dájú máa ń ká èèyàn lọ́wọ́ kò ju ìyà ńlá tí ẹni náà rò pé òun lè bọ́ nínú rẹ̀. Mo gba èyí gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ọ: lálẹ́ ọjọ́ tí a kọ́ nípa ìyà ikú, Ọ̀wọ̀ ló wá sí mi lọ́kàn, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà 2022, àwọn tó lọ ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis, tí àwọn agbébọn ò jẹ́ kí wọ́n padà sílé. Mo gbé bíró sílẹ̀. Mi ò lè kọ nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo lọ kí Màmá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo sọ ohun tí mò ń kọ́ fún wọn, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Àwọn ọmọ yẹn ò lè fi gbogbo àńkárá mi rán ṣòkòtò. Ẹnì kan ló rà á. Òun ni mo fẹ́ rí." Àbẹ̀kẹ́, ara mi bù máṣọ. Ẹni tó gbé epo lájà nìkan kọ́ ló jalè, ẹni tó gbà á sílẹ̀ náà jalè. Ó wà nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa, abala 427. Ta ló wá ẹni tó rà á lọ́jọ́ náà? Wọ́n mú ọmọ méjì, ó parí síbẹ̀.

Orí béèlì ni mo fẹ́ kọ iṣẹ́ ìwádìí mi lé: onílé tí kóòtù ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ò nílé. Mo ti ń kọ̀wé gba àṣẹ láti wo àkọsílẹ̀ ẹjọ́, mo sì fẹ́ bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀, torí àwọn ni wọ́n ń rìn kiri wá onídùúró.

Ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀ ọ́ lọ́wẹ̀ nìyí. Ní 2017, nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Antic, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ́dọ̀ yín sọ fún àwọn adájọ́ pé bí àkàbà ni béèlì rí: ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹni náà máa lọ lórí ìlérí rẹ̀, kí wọ́n tó gùn ún lọ sókè, olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ sọ ìdí tó fi yẹ bẹ́ẹ̀. Mo ti ka ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n ìwé kì í sọ bí ó ṣe ń rí lójú ayé. Jọ̀wọ́, tí o bá ráyè lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lọ jókòó sí kóòtù béèlì ìlú yín. Wo ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ò ní nǹkan kan, wo ẹni tó ń padà sílé àti ẹni tí kì í padà, kí o sì kọ ọ́ sí mi bí o ṣe rí i. Má fi ìbínú rẹ sílẹ̀ nílé o, mú un dání. Mo fẹ́ gbọ́ tìrẹ náà.

Màmá ní kí n kí ọ. Wọ́n ti tún ṣọ́ọ̀bù náà ṣe, ilẹ̀kùn onírin ló wà níbẹ̀ báyìí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjọkẹ́