Ìkéde Fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Iṣẹ́ Ọmọ Edé Odò, Sátidé Yìí

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àǹtí, àti ẹ̀yin ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ìwádìí edé ṣiṣẹ́ ṣe, a kí yín o. Aago 8 àárọ̀ Sátidé la ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títọ́ ọmọ edé odò, ní ọgbà ẹja wa l'Abẹ́òkúta.

Iyọ̀ ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Odò ni edé yìí ti ń dàgbà, àmọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin kì í pẹ́ kú nínú omi tí kò níyọ̀. Gíráàmù iyọ̀ 12 nínú lítà kan là ń wá. Omi òkun ní bíi 35, nítorí náà ẹ po garawa omi òkun 1 mọ́ garawa omi kànga 2. Ẹ má bu omi ẹ̀rọ lò lójú ẹsẹ̀: kiloríìnì inú rẹ̀ á pa wọ́n. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa hó nínú rẹ̀ fún ọjọ́ 2 ná.

Ẹ yẹ abẹ́ ikùn ìyá edé wò. Tí ẹyin bá ti ràwọ̀ bí eérú, tí ojú dúdú tíntìntín sì ń hàn nínú rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó pa.

Oúnjẹ àjẹkù ló sábà máa ń ba iṣẹ́ jẹ́; ó ń jẹrà, ó ń sọ omi di májèlé. Ẹ fi rọ́bà fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́. Tí iná bá lọ, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ a dúró, nítorí náà ẹni tó bá ní bátìrì, kó jọ̀ọ́ gbé e wá.

Ẹ mú ìwé ìkọ̀wé dání. Ìwádìí tí a kò kọ sílẹ̀, ìtàn ni.