Oúnjẹ wọlé, ìwé ò wọlé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Inú ló ń bí mi tí mo fi gbé bàírò, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá le díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé oúnjẹ àti ìwé lọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní ìpínlẹ̀ Òǹdó wa yìí. Mi ò ní dárúkọ ọgbà náà, torí ọmọ wa ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò tíì dá a lẹ́bi ẹ̀sùn kankan. Wọ́n kàn ń sún ẹjọ́ síwájú ṣáá ni. Ó fẹ́ ṣe NECO níbẹ̀. Mo di ìwé ìṣirò, ìwé ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá àti díkíṣọ́nárì sínú báàgì, mo sì fi lẹ́tà ìyá rẹ̀ há inú ọ̀kan. Wọ́dà tó wà lẹ́nu géètì ní kí n tọ́ ìrẹsì wò níwájú òun, ó fi ṣíbí ro ọbẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó ní kò burú. Ó wá kan ìwé.

"Màmá, a kì í gba ìwé níbí."

Mo ní, "Ọ̀gá mi, láti ìgbà wo?" Ọmọ tí mo lè bí o, èmi ni mò ń pè é ní ọ̀gá. Kò dá mi lóhùn. Ó mú díkíṣọ́nárì, ó fi àtàǹpàkò te ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, nǹkan kan ò já bọ́. Ló bá fa páálí ẹ̀yìn rẹ̀ ya! Ìwé àlòkù ni mò ń tà nítòsí Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, mo mọ ohun tí ìyẹn ń fà: òwú tó so ewé inú rẹ̀ pọ̀ á tú, kò ní pẹ́ tí A àti B á fi ya lọ. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ó ju ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ tábìlì, tòun ti lẹ́tà, ó ní òun á wo ohun tí òun lè ṣe sí i. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń retí lọ́wọ́ mi.

Oúnjẹ wọlé, ìwé ò wọlé.

Èmi nìkan kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn oníbàárà mi tó ń ra ìwé fún èèyàn wọn lẹ́wọ̀n máa ń padà wá sọ fún mi. Wọ́n ní kí ìyá kan má gbé nǹkan kan wá ju Bíbélì lọ. Ẹlòmíràn gbé ìwé ìtàn wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, nígbà tó tún gbé irú rẹ̀ lọ, wọ́dà mìíràn lé e padà. Bàbá kan láti ìlú Òǹdó máa ń kọ lẹ́tà sí àbúrò rẹ̀ déédéé. Ọjọ́ tó fojú ara rẹ̀ débẹ̀ ni àbúrò ń bi í léèrè ohun tí òun ṣe tí ilé fi kọ òun sílẹ̀. Kò rí ẹyọ kan gbà nínú lẹ́tà wọ̀nyẹn.

Mo mọ àwíjàre wọn. Wọ́n ní àwọn kan ń fi igbó, síìmù àti bíléèdì há ìwé. Kì í ṣe irọ́. Kí wọ́n yẹ ìwé wò, kí wọ́n ka lẹ́tà, iṣẹ́ wọn ni. Àmọ́ ṣé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ò lè gbé síìmù ni? Kí ló dé tó jẹ́ ìwé nìkan ló ń dẹ́rù bà wọ́n?

Ní 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó yí orúkọ àjọ náà kúrò ní ti ọgbà ẹ̀wọ̀n sí ti ọgbà àtúnṣe. Kí ni wọ́n ń tún ṣe láìsí ìwé? Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2015, tí wọ́n fi orúkọ Mandela pè, sọ pé kí ilé ìkàwé wà ní gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ò tíì parí sì lè fi owó ara rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn ra ìwé, ìwé ìròyìn àti ohun ìkọ̀wé. Ọdún 27 ni Mandela fúnra rẹ̀ lò lẹ́wọ̀n, ó sì ń kàwé níbẹ̀. Yunifásítì NOUN ní ibùdó nínú àwọn ọgbà kan nílẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n ti Awólọ́wọ̀ mọ́lé ní Kàlàbá títí di 1966, ṣebí ó ń kàwé, ó sì ń kọ̀wé? Ti Ṣóyínká ló burú, láàárín 1967 sí 1969: wọ́n fi ìwé àti bébà dù ú, àárín ìlà ìwé tí wọ́n yọ́ mú wọlé fún un ló ń kọ nǹkan sí. Ìjọba ológun nìyẹn o. Ta ló wá ń ṣèjọba lé wa lórí lónìí?

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí wọ́n gbé ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan sẹ́nu géètì. Kí wọ́n kọ déètì, orúkọ ìwé, ẹni tó gbé e wá àti wọ́dà tó gbà á, kí wọ́n ya ìdajì risíìtì fún wa mú lọ sílé. Bí ìwé bá dé ọwọ́ ẹlẹ́wọ̀n, kó tẹ̀ka sí i. Bí wọn ò bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ síwájú orúkọ náà, kí wọ́n dá a padà fún mi lódindi. Kí ọ̀gá wọn máa yẹ̀ ẹ́ wò lópin oṣù kó sì fọwọ́ sí i; ibẹ̀ ni yóò ti rí i bó bá jẹ́ wọ́dà kan náà ló ń lé ìwé padà ṣáá. Bó bá jẹ́ ìwé ẹlẹ́yìn líle ni wọn ò fẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sí bébà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níta, ẹlẹ́yìn bébà ni màá máa gbé lọ. Bó bá jẹ́ owó ìwé àkọsílẹ̀ ni wọn ò ní, mo ní in ní ṣọ́ọ̀bù, màá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú bàírò.

Kí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó ń gbé búrẹ́dì lọ máa fi ìwé kún un.

Àwọn ọ̀gá tó jókòó sábẹ́ fáànù, tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn yín láràárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n: bí lẹ́tà bá gba ilé ìfìwéránṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, ta ló ń gbà á, àpótí wo ló sì ń kó o sí?

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníwèé,
Àkúrẹ́.