Lẹ́tà sí Màámi: Ínṣì kan, ọdún kan

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara ń kọ́? Mo délé láyọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, ṣùgbọ́n oorun kò tètè kùn mí. Bébà tí a tẹ́ sílẹ̀ ní pálọ̀ yín kò kúrò lójú mi. Ohun kan wà tí mo rí lórí rẹ̀ tí n kò lè sọ lójú yín, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ara mi ni mo gbé wá bá yín lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ ti sú mi, n kò mọ̀ bóyá kí n fi sílẹ̀ tàbí kí n dúró, mo wá ní mo fẹ́ ya ayé mi sórí ìwé bí ẹni ń ya àwòrán ọ̀nà: ibi tí mo ti gbéra, oríta tí mo ti yà, ibi tí mo ń lọ. Ẹ wò mí títí. Ẹ ní, "Ṣé ọ̀nà tìrẹ lè bẹ̀rẹ̀ kí temi tó bẹ̀rẹ̀ ni?" Ẹ ní kí n já àwọn kàlẹ́ńdà àtijọ́ lára ògiri, ti òkú ṣíṣe, ti ìgbéyàwó, ti ìwúyè. A dojú wọn délẹ̀, a fi gáàmù lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Ẹ̀yin fúnra yín wọ yàrá, ẹ sì mú téèpù ìwọnṣọ kan jáde tí nọ́ńbà ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ẹ ní ínṣì kan, ọdún kan.

Láti kékeré ni mo ti mọ téèpù yẹn nínú àpótí yín. N kò bi yín rí pé kí ni oníṣòwò èlùbọ́ ń fi téèpù ṣe.

Ibi òdo gan-an la ti kọ́kọ́ dúró. Ìwé ọjọ́ orí tí wọ́n bá yín ṣe ní kóòtù sọ pé 1957. Ẹ ní ojú ni akọ̀wé fi wọ̀n yín. Ohun tí Ìyá àgbà sọ fún yín ni pé ẹ̀yìn wọn lẹ wà, ẹ ò tíì rìn, lọ́jọ́ tí wọ́n mú Bọ̀ọ̀dá lọ forúkọ sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, tí tíṣà ní kí Bọ̀ọ̀dá na ọwọ́ gba orí kọjá, kí ó fi kan etí kejì. Ọdún tí ilé ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, January 1955. Bí a ṣe fi 1954 sí òdo nìyẹn, inú mi sì dùn bí ẹni tó rí owó he. Gbogbo ọdún mi tí mo ti ń bi yín pé "ọdún wo ni?", ẹ kì í rí i sọ. Ìgbà tí mo wá bi yín pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà náà, ńṣe ni ọ̀rọ̀ ń dà wọlé bí òjò. Ẹni tó bá fẹ́ ya ọ̀nà òbí rẹ̀, irú ìbéèrè yẹn ni kó máa bi wọ́n.

Ẹ wọ Ìbàdàn lọ́dún ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, 1969, ínṣì 15, ẹ lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ẹ gba fúrídọ́ọ̀mù lọ́dún tí ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, April 1972, ínṣì 18. Oníbàárà àkọ́kọ́ tí ẹ dá ránṣọ fún, ṣílè ló san, nítorí January 1973 ni náírà dé. Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́, ìka yín ń sáré lórí bébà. Ẹ ṣàpèjúwe Singer dúdú tí ẹ rà ní ínṣì 22, bí ó ṣe ń dún, bí ẹ ṣe ń fi epo nù ún lálaalẹ́. N kò gbọ́ ohùn yín bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

A dé ínṣì 26. Ẹ ní, "Ibí ni omíyalé ti gbé máṣìnnì," ìka yín sì ti fẹ́ kọjá. Èmi ni mo ní kí ẹ dúró.

August 31, 1980. Gbogbo Ìbàdàn ló mọ omi Ògùnpa ọjọ́ náà, ilé tó wó, òkú tí wọ́n ń yọ nínú ẹrẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín tó ìgbà ogún, pé omi gbé máṣìnnì, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun dá ẹ̀mí sí. Ẹ kò sọ fún mi rí pé aṣọ oníbàárà mẹ́sàn-án bá a lọ, àti pé ọdún méjì gbáko lẹ fi san án. Ẹ kò sọ pé torí gbèsè yẹn lẹ ṣe bá àwọn alájàpá wọ ọkọ̀ Ṣakí lọ ra èlùbọ́, tí ẹ ní ẹ ó ṣe é fún ìgbà díẹ̀. Mo fi báírò pupa sàmì síbẹ̀. Ojú ọ̀nà yín, tó ti ń lọ tààrà láti ínṣì 15, yà síbẹ̀, kò sì padà.

Lẹ́yìn náà la ya ọ̀nà temi sí abẹ́ tiyín, láti ínṣì 24. Ní ínṣì 35, mo kọ "Mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì" sí ìlà temi, 1989, àsìkò SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, tí nǹkan gbówó lérí. Mo bi yín pé kí ni ká kọ sí ìlà tiyín lókè rẹ̀. Ẹ dákẹ́. Ẹ wá ní, "Má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Mo ti tọ́jú owó máṣìnnì mìíràn nígbà náà. Òun la san."

Màámi, láti ọmọdé ni mo ti gbà pé òwò èlùbọ́ lẹ yàn, pé òun ló wù yín. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Ẹ dárí jì mí. Àyè tí ẹ ní kí n má kọ nǹkan kan sí yẹn, mo kọ ọ́ lẹ́yìn tí ẹ lọ kírun: "Máṣìnnì Màámi." Ẹ wò ó dáadáa, ó wà níbẹ̀.

Téèpù tán ní ínṣì 60, ní 2014. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹ ti gbó ju téèpù lọ. A tún un gbé, a wọ̀n ọ́n dé òní, bébà sì ṣẹ́ kù níwájú. Ẹ kọ̀ kí n fi báírò ya ibẹ̀. Ẹ ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Pẹ́ńsùlù ni kí n lò, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi sí ọ̀dọ̀ temi, mo fi àmì ìbéèrè sí i. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà mí mọ́. Ẹ̀yin gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ mi, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́: "Aṣọ ìgbéyàwó ọmọ ọmọ mi. Èmi ni n ó rán an."

Mo ti bá ọkùnrin kan tó ń tún máṣìnnì ṣe ní Mọ́kọ́lá sọ̀rọ̀. Ó ní Singer dúdú kan ń bẹ lọ́dọ̀ òun, tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Ọjọ́ Sátidé ni mo ń gbé e bọ̀, pẹ̀lú òwú dúdú àti funfun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ká bébà náà nílẹ̀.

Ọmọ yín.