Ìyá Tòmíwá, gba àga yẹn

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù o. Báwo ni Leeds, báwo làwọn ọmọ, ṣé Bàbá Tòmíwá ti ń ráyè sinmi? Àlàáfíà la wà n'Íbàdàn níbí. Òjò ti dà Ring Road rú, gbogbo mọ́tò dúró lójú kan, inú ọkọ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ vóìsì nóòtì ẹ, mo tún un gbọ́, mo wá ní rárá, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé fi ohùn dáhùn, jẹ́ n kọ ọ́ kó o lè máa padà kà á.

Wọ́n ní kó o wá di hẹ́ẹ̀dì HR, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ìwọ wá ń rò ó pé kó o kúkú jókòó sídìí payroll, ìṣirò owó oṣù tó o ti mọ̀, torí ẹ̀gbọ́n ẹ ní ajá ọ̀gá ni gbogbo HR. Gbà á, jọ̀ọ́.

Ẹ̀gbọ́n ò kúkú parọ́ tán. Àwa náà ti rí HR tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lé èèyàn nìkan làwọn òṣìṣẹ́ ń rójú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó o bá wà nísàlẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n fi ń lé èèyàn ni wọ́n máa ní kó o tẹ̀. Àwọn tó wà ní mítíìn ti sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti fẹnu kò, wọ́n á kàn gbé orúkọ wá bá ẹ, bó ti wù kí inú ẹ dára tó lẹ́tà yẹn lo máa tẹ̀. Ẹni tó lè sọ pé "ẹ dúró ná, sà" kí ọ̀rọ̀ tó di ìpinnu, ẹni tó ní àga nínú yàrá yẹn ni. Ìdí tí mo ṣe ń lé ipò nìyẹn, mi ò sì tijú ẹ̀.

Jẹ́ n sọ ọ̀kan fún ẹ. O mọ̀ pé ilé iṣẹ́ oúnjẹ ni mo ti ń ṣe HR báyìí, nínú Oluyole Estate. Ọmọbìnrin kan ní packing ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi ìbímọ dé, ọmú ń kún un láyà, ó á sá lọ sí tọ́lẹ́ẹ̀tì lọ fún un dànù, á fi omi bọ́jú, á padà sídìí ẹ̀rọ. Supervisor ń kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ pé ó ń sá níṣẹ́. Ìwé yẹn ló dé tábìlì mi. Mo mú un lọ sí mítíìn mánẹ́jà, mo mú Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, dání, mo ka section 54 sí wọn létí: obìnrin tó bá ń fọ́mọ lọ́mú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni kí wọ́n fún un láàárín àkókò iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀gá wá bi mí pé ibo ló máa wá jókòó sí?

Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ stóò tí wọ́n ń kó páálí òfìfo sí. A palẹ̀ ẹ̀ mọ́, a gbé àga onítìmùtìmù kan sí i, fáànù, tábìlì kékeré, a wá fi kọ́kọ́rọ́ tó ń ti inú tì sí ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tí màmá ọmọbìnrin yẹn kọ́kọ́ gbé ọmọ ọwọ́ náà wá láti Challenge pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ Maruwa, security ò fẹ́ jẹ́ kí wọ́n wọlé, èmi fúnra mi ni mo sọ̀ kalẹ̀ lọ gbọmọ ní géètì. Àwọn obìnrin tó wà lórí line rí wa tí à ń kọjá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá bá mi fún ọ̀rọ̀ tí wọn ò ní bá HR kankan sọ tẹ́lẹ̀.

Òfin kan náà yẹn ló fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 12 fún ìbímọ, ó ní tó bá ti lo oṣù 6 níbi iṣẹ́, owó tí wọ́n máa san fún un ò gbọ́dọ̀ kéré sí ìdajì owó oṣù ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ló di ìdajì yẹn mú bí ẹni pé òfin ní wọn ò gbọdọ̀ san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi gbà pé ibi tí òfin bá dé ni iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀, mo tẹnu mọ́ ọn títí, owó oṣù pípé là ń san báyìí.

Ṣùgbọ́n wo ọ̀gá tó o fẹ́ bá ṣiṣẹ́ dáadáa o. Níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ń yọ 8% pẹ́ńṣọ̀n lára owó oṣù àwọn èèyàn, 10% tó yẹ kí ilé iṣẹ́ fi kún un, wọn ò fi kún un, èyí tí wọ́n yọ gan-an wọn ò fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ń tọ́jú pẹ́ńṣọ̀n sí, bẹ́ẹ̀ Pension Reform Act 2014 ní kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ iṣẹ́ 7 lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù. Bàbá kan tó ń wa forklift na fóònù ẹ̀ sí mi, ó ní "Màdáàmù, ẹ bá mi wò ó, ó dà bíi pé nǹkan ò wọlé." Ó ku díẹ̀ kí bàbá yẹn fẹ̀yìn tì. Mo kọ mẹ́mò, mo tún kọ òmíì, wọ́n ní kí n gbọ́ ti iṣẹ́ mi. Ni mo bá wáṣẹ́ síbòmíì. Ọ̀gá tí etí ẹ̀ ti di, ìwà rere ẹ ò lè ràn án.

Torí náà kó o tó sáìn, bi wọ́n pé ta lo máa jábọ̀ fún, MD ni àbí ẹni tó ń rí sí owó. Bi wọ́n bóyá o máa wà ní mítíìn tí wọ́n ti ń pinnu iye èèyàn tí wọ́n máa gbà àti iye tí wọ́n máa dá dúró. Kó o wá ní kí wọ́n sọ ìgbà kan tí HR wọn sọ pé rárá, àti ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Máa wojú wọn tí wọ́n bá ń dáhùn èyí tó gbẹ̀yìn yẹn.

Tó o bá gbà á, lọ gba ìwé ẹ̀rí CIPD, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ HR lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún. Èmi ṣe ti CIPM, ẹgbẹ́ tiwa ní Nàìjíríà níbí, ìdánwò ẹ̀ le, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí n lè ṣí ìwé òfin níwájú àwọn mánẹ́jà tí ohùn mi ò gbọ̀n. York tó wà nítòsí ẹ yẹn ni ẹgbẹ́ CIPD ti bẹ̀rẹ̀ ní 1913, nílé iṣẹ́ ṣokoléètì Rowntree, àwọn òṣìṣẹ́ welfare ló dá a sílẹ̀, àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ kí wọ́n máa wo ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Sọ ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n.

Fi ìwé tí wọ́n kọ sí ẹ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ká jọ kà á láàárín òní sí Sunday. Bá mi kí Bàbá Tòmíwá, kó o sì sọ fún Tòmíwá pé mo ti ra ẹ̀lúbọ́ tó ní kí n rà, mò ń wá ẹni tó ń bọ̀ ni.

Èmi ni,
Ìyá Mayọ̀